Ta Ni Olùṣọ́ Ilẹ̀ Abẹ́ Ojú Irin?

Ní òru ọjọ́ 28 mọ́júmọ́ ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025, òjò ńlá kan rọ̀ ní Mọ́kwá, ìlú ọjà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Niger, lójú ọ̀nà irin àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Kánò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, omi ti gbá àdúgbò méjì lọ, Tiffin Maza àti Anguwan Hausawa. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ sọ pé àwọn tí ó kú lé ní 200. Ohun tí àwọn ará ìlú náà sì tẹnu mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò nìkan. Wọ́n ní omi kó jọ sẹ́yìn ebè gíga tí a mọ nígbà láéláé kí irin lè gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní pàǹtí ti dí àwọn ihò tí ó yẹ kí omi gbà lábẹ́ ebè náà. Nígbà tí ebè kò lè gba omi dúró mọ́, ó ya, àgbàrá sì bá àwọn ènìyàn lórí ibùsùn wọn.

A kò mú ọ̀rọ̀ Mọ́kwá wá láti ha egbò àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. A mú un wá nítorí pé ó bí ìbéèrè kan tí a kì í sábà gbọ́ ní ilẹ̀ wa. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rélùwéè, ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ ẹlẹ́wà ni à ń sọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ iye owó ìwé ọkọ̀ àti aago tí ọkọ̀ yóò gbéra. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n irin kò fò lójú ọ̀run. Orí ilẹ̀ ni ó wà. Ta ni ẹni náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo ilẹ̀ ọ̀hún, tí a lè dárúkọ rẹ̀, tí a sì lè bi í léèrè bí ilẹ̀ bá ya?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó wá sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ojú irin titun, èyí tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 157. Láti ọdún 2024 ni àwọn ọkọ̀ Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ti ń kó èrò láàrin Àgbádó àti Ọ̀yìngbò. Owó tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà wà nínú iṣẹ́ ńlá yìí, àwọn ọmọ wa ni yóò sì bá wa san án. A dúpẹ́ pé a rí i. A kò sọ pé ó ti bàjẹ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ wa bẹ̀rù àtiwọ ọkọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ojú irin tí ó jẹ́ titun lónìí ń gbó lọ, àti pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í sọ ọjọ́ tí àárẹ̀ yóò mú un.

Ẹni tí ó bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dé Móníyà yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Iyanrìn àti àbàtà ni ti Èkó. Bí a bá dé agbègbè Pápáàlàntó àti Ewékorò, a dé ibi òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Láti Abẹ́òkúta lọ, àpáta bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa sì bò ó mọ́lẹ̀ títí dé Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè bí mọ́tò ti ń gùn ún. Nítorí náà, níbi tí ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, a ó kó erùpẹ̀ jọ bí ebè gíga; níbi tí òkè bá wà, a ó la òkè náà sí méjì kí ọkọ̀ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ebè tí a kó jọ àti òkè tí a là, ilẹ̀ tí ènìyàn ti fọwọ́ kàn ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá yí ilẹ̀ padà kúrò bí Ẹlẹ́dàá ti dá a, òun ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtọ́jú.

Ọ̀tá wọn méjèèjì sì kan náà ni: omi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ilé alámọ̀ mọ bí ó ti ń rí. Ògiri kì í sábà wó nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an. Òjò á dá, oòrùn á yọ, onílé á ti máa dúpẹ́, nígbà náà ni ògiri á ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lulẹ̀ gbì. Omi ti wọ inú amọ̀, ó ti mú un wúwo, ó sì ti tú ohun tí ó so ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ebè rélùwéè. Òjò àná lè pa èrò òní. Síbẹ̀ ilẹ̀ kì í sábà ya láìfi àmì hàn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò: ilẹ̀ yóò là tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ebè, igi tí ó dúró ṣánṣán yóò bẹ̀rẹ̀ sí fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi yóò máa sun níbi tí kò ti sí omi tẹ́lẹ̀, òkúta wẹẹrẹ abẹ́ irin yóò rì díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀ràn náà ni pé kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò rí ẹnu ògiri kí aláǹgbá tó rí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyà ilẹ̀ òtòṣì ni gbogbo èyí, pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó mú rélùwéè wá fún wa, kí ó fetí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Carmont, nítòsí Stonehaven ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2020.

Ọkọ̀ kan gbéra ní Aberdeen ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 38 ní òwúrọ̀, ó ń lọ sí Glasgow. Òjò líle ti ń rọ̀. Ọkọ̀ náà kọjá ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní àlàáfíà, ó dé Carmont, wọ́n sì dá a dúró níbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ti ya sójú irin níwájú. Ó dúró ju wákàtí méjì lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó padà sí Stonehaven. Awakọ̀ bi onísígínà bóyá ó yẹ kí òun dín eré kù. Èsì tí ó gbà ni pé kò sí ìdí fún un. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, bí ọkọ̀ ti ń sá eré kìlómítà 117 ní wákàtí kan, ó kọ lu òkúta wẹẹrẹ tí àgbàrá ti wọ́ dà sójú irin, ó sì yà kúrò lórí rẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé àkókò àrùn Kòrónà ni. Mẹ́ta nínú wọn kú: awakọ̀, kọndọ́, àti èrò kan. Àwọn mẹ́fà yòókù fara pa. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ta ni ó lè sọ iye òkú tí à bá kà?

Ẹ wo ohun kan níbí. Ní agogo méje, ibẹ̀ kò léwu. Ní agogo mẹ́wàá, ó ti di ibojì. Kò sí ẹni tí ó yọ irin, kò sí ẹni tí ó jí nǹkan gbé, ọkọ̀ kò bàjẹ́, awakọ̀ kò sì ṣẹ̀. Ilẹ̀ ni ó yí padà láàrin wákàtí mẹ́ta.

Àwọn olùwádìí ìjàǹbá rélùwéè gbé ìwé wọn jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022. Wọ́n rí i pé kòtò kan wà lókè ibẹ̀ tí a gbẹ́ ní ọdún 2011 sí 2012, tí a ri páìpù sínú rẹ̀, tí a sì fi òkúta wẹẹrẹ kún un, kí ó lè máa gba omi òkè kúrò lójú irin. Iṣẹ́ ààbò gan-an ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìparun. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Carillion tí ó gba iṣẹ́ náà kò ṣe é bí àwọn ẹnjiníà ti ya á sí ìwé. Wọ́n fi òkìtì erùpẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán, òkìtì yìí ni ó sì darí àgbàrá tààrà sínú kòtò, títí omi fi wú àwọn òkúta inú rẹ̀ jáde, tí ó sì kó wọn dà sórí irin. Àwọn olùwádìí sọ pé bí a bá ṣe é bí a ti ya á, ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó gba omi ọjọ́ náà láìsí ewu. Carillion ti wọ gbèsè, ó sì ti túká ní ọdún 2018, kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ní Aberdeen bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6.7 pọ́ùn lé Network Rail, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ojú irin náà.

Nínú gbogbo ìwé náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni kò kúrò lọ́kàn wa. Ohun tí kò kúrò ni pé àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí kankan pé ẹnikẹ́ni láti ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti gun òkè lọ wo apá òkè kòtò yẹn láti ìgbà tí a ti parí rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Kòtò kan wà tí ó di ẹ̀mí ènìyàn mú lọ́wọ́, kò sì sí nínú ìwé àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ máa wò.

Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ kì í ṣe ẹfun tàbí pátákó. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ni. Wọ́n ní olùkọ́ tí kò bá ka orúkọ láàárọ̀ kò lè mọ ọmọ tí kò wá. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà, ó dà bí iṣẹ́ akọ̀wé lójú wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń lò láti ṣọ́ ilẹ̀ rélùwéè, orí irú ìwé yẹn ni ó dúró lé. A ó kọ orúkọ gbogbo ebè, gbogbo òkè tí a là, gbogbo gọ́tà àti gbogbo ihò omi, kìlómítà kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a wò ó kẹ́yìn àti orúkọ ẹni tí ó wò ó. Lẹ́yìn náà, a ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì. Èkíní, báwo ni ó ti súnmọ́ àtiya tó? Èkejì, bí ó bá ya, kí ni yóò bà jẹ́? Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ní Carmont, afárá kan wà níwájú ibi tí ọkọ̀ ti yà kúrò lórí irin. Ògiri afárá náà ni ọkọ̀ lọ kọ lù, èyí sì mú kí jàǹbá náà burú sí i. Ebè tí ó rọ díẹ̀, tí ó wà lẹ́bàá afárá níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré jù lọ, lè yẹ fún àtúnṣe ṣáájú ebè tí ó rọ gan-an níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra wọ ibùdókọ̀. Owó kì í tó láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ní ilẹ̀ wọn tàbí ní ilẹ̀ wa. Ìwé yìí ni yóò sọ ibi tí owó kékeré yóò kọ́kọ́ lọ. Láìsí i, ibi tí ẹni ńlá bá ń gbé ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ìwé nìkan kò lè ṣe. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí ń pa rélùwéè lára ni rélùwéè ni. Ẹni tí ń wa iyanrìn nísàlẹ̀ ebè ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ebè nù. Onílé tí ó darí omi òrùlé rẹ̀ sí etí òkè tí a là ń bomi rin ìjàǹbá. Àwọn tí ń da pàǹtí sínú gọ́tà lẹ́bàá irin, tí wọ́n ń rò pé òjò yóò bá wọn gbé e lọ, òtítọ́ ni, òjò ń gbé e lọ: ó ń gbé e lọ sí ẹnu ihò omi tí ó wà níwájú, ibẹ̀ ni ó sì ń dúró sí. Ará Ìbàdàn kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún òun. Omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 ti kọ́ wọn ní ohun tí omi ń ṣe nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí. Àwọn aláṣẹ rélùwéè kò lágbára lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti Agége títí dé Akínyẹlé ni ó ní in. Bí àwọn méjèèjì kò bá jókòó sídìí tábìlì kan náà, ọ̀kan yóò máa kó pàǹtí kúrò, èkejì yóò máa wò ó bí a ti ń dà á padà.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí bí a ti lè ṣọ́ ilẹ̀ tó, ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni yóò ṣẹlẹ̀. Kí àwọn wọ̀nyí wá gbọ́ ìtàn odò kan ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ń yọ iná, Ruapehu ni orúkọ rẹ̀, adágún omi sì wà ní góńgó orí rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1953, tí í ṣe alẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Kérésìmesì, etí adágún náà ya. Omi, ẹrẹ̀ àti òkúta ya wọ odò Whangaehu, wọ́n sì ba afárá rélùwéè jẹ́ ní Tangiwai. Ọkọ̀ tí ó ti Wellington ń lọ sí Auckland ń bọ̀, ènìyàn 285 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, Cyril Ellis, tí ó wà lójú títì nítòsí, rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sáré pàdé ọkọ̀ náà lẹ́bàá irin, ó ń ju iná. Awakọ̀ fi bíréèkì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti súnmọ́ jù. Ènìyàn 151 ni ó kú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo ètò ìkìlọ̀ tí ó wà lórí odò ńlá yẹn kò ju tọ́ọ̀ṣì ọkùnrin kan lọ.

Wọn kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ara òkè, èyí tí yóò gbúròó omi bí ó bá ti gbéra, tí yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ń darí ọkọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2007, etí adágún kan náà tún ya, omi ẹlẹ́rẹ̀ tún ya wọ odò kan náà, ó sì tún gba Tangiwai kọjá. Ẹ̀rọ kígbe. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ ojú irin dúró, wọ́n ti títì pa. Ẹnì kan ṣoṣo kò kú. Òkè kan náà ni, odò kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni.

Àwa kò ní òkè tí ń yọ iná ní ilẹ̀ Yorùbá. Òjò ni tiwa, a sì mọ oṣù tí ó ń wá. Ẹ̀rọ tí ń wọn òjò kò wọ́n. A lè gbé e sí Àgbádó, sí Pápáàlàntó, sí Abẹ́òkúta, sí Omi-Àdìó, kí a sì fi àṣẹ lélẹ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀ kọjá ìwọ̀n báyìí láàrin wákàtí báyìí, gbogbo ọkọ̀ yóò dín eré kù ní àwọn ibi tí ìwé náà pè ní ibi eléwu, bí ó bá sì kọjá èyí, ọkọ̀ yóò dúró títí òṣìṣẹ́ yóò fi fi ẹsẹ̀ rìn ibẹ̀ wò. Ohun tí ó ṣòro jù nínú rẹ̀ ni àṣẹ. Èrò yóò bínú. Oníṣòwò yóò ní wọ́n ti ba ọjà òun jẹ́. Ẹni ńlá kan nínú ọkọ̀ yóò fóònù sí ẹni tí ó ju ọ̀gá onísígínà lọ. Bí kò bá sí òfin tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ kékeré tí ó dá ọkọ̀ dúró nítorí òjò, kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò dá a dúró, nítorí pé bí ilẹ̀ kò bá ya, wọn yóò ní ó fi àkókò ṣòfò, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tí ó bá dá ọkọ̀ dúró nítorí ìbẹ̀rù ilẹ̀ kò jẹ̀bi, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ dúró gbọin títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ti owó, a ó gbọ́ pé kò sí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; ojú irin tí a fi owó tó báyìí ṣe, tí a kò wá rí owó ṣọ́bìrì àti owó oṣù àwọn tí yóò máa kó erùpẹ̀ kúrò nínú gọ́tà rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ilé itọ́. Iṣẹ́ gọ́tà kì í ní ọjọ́ ìṣílé. Kò sí mínísítà tí yóò gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu ihò omi. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi máa ń kẹ́yìn nínú ìwé ìṣirò owó.

Láàrin oṣù kọkànlá àti oṣù kejì ni ilẹ̀ máa ń gbẹ, tí òṣìṣẹ́ lè fi tọ́ọ̀ṣì wọ inú ihò omi kí ó sì rí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òjò àkọ́rọ̀ dé. A ń bẹ Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà pé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń bọ̀, kí wọ́n rìn kìlómítà 157 yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ti àtijọ́ tí ó kọjá ní Òṣogbo, Ọ̀ffà àti Ìlọrin pẹ̀lú, nítorí pé ebè tí ọkọ̀ kò gba orí rẹ̀ mọ́ ṣì lè gba omi dúró sórí ìlú, bí àwọn ará Mọ́kwá ti sọ. Kí wọ́n kọ ìwé orúkọ náà. Kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn ibi eléwu ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá tí ó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn yìí láìgba kọ́bọ̀.